Iye Tí Sàhéèdì Kọ Sára Páwà Báǹkì Ìyá Rẹ̀

Bí ẹ bá mọ àdúgbò Lotto ní Mowe dáadáa, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti ra okùn ṣájà lọ́wọ́ Sàhéèdì rí. Ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ, ó mọ oníbàárà í pọ́n lé, ọwọ́ rẹ̀ sì dá múṣémúṣé nídìí iṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló wá bá mi ní ọ́fíìsì, tó ní kí n kọ ìtàn òun sínú ìwé ìròyìn yìí, kí n má sì fi orúkọ òun bò. Mo bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ní bíbo nǹkan mọ́lẹ̀ ló gbé òun dé ibi tí òun wà yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Sàhéèdì máa ń ra bátìrì tí wọ́n tú jáde lára kọ̀ǹpútà tó ti bàjẹ́. Yóò ṣa àwọn tí ẹ̀mí ṣì wà lára wọn, yóò jó wọn pọ̀, yóò kó wọn sínú ike tuntun, ó di páwà báǹkì nìyẹn. Kò sí ohun tó burú nínú èyí. Ohun tó burú ni ìwé pélébé tó ń lẹ̀ mọ́ ọn lára. Páwà báǹkì Sàhéèdì kì í gbé tó 8,000 mAh, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka iná inú bátìrì, ṣùgbọ́n 60,000 ló máa ń kọ sí i. Ibafo ló ti ń tẹ ìwé náà, pẹ̀lú àwọ̀ wúrà tó ń dán yanran.

Ó ní, "Bí mo bá kọ 8,000, ta ló máa rà á? Gbogbo wa là ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Oníbàárà ò wo nǹkan mìíràn, iye yẹn nìkan ló ń wò."

Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Èmi náà ti ra ọ̀kan rí.

Wòsílátù ni ìyá rẹ̀. Abọ́ oníke ló ń tà ní ọjà Ifọ̀, ilé wọn sì wà ní Àgbàdo. Lọ́dún tí à ń sọ yìí, orúkọ rẹ̀ jáde láàárín àwọn tó máa bá ẹgbẹ́ Alfa Àbúbákr lọ sí Mẹ́kà. Àyè kan ṣoṣo ló kan ilé wọn, èyí ló sì dá ìjà sílẹ̀. Bàbá Màmúdù, ọkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, ti ń fojú sọ́nà fún Mẹ́kà láti ìgbà tí Sàhéèdì ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Bàbá ní, "Èmi baálé ilé jókòó, ìyàwó mi wá di Àlàájà. Kí ni kí wọ́n wá máa pe èmi? Ọkọ Àlàájà?"

Ìyá ní kí ó gba àyè náà, kí òun dúró di ọdún mìíràn. Bàbá ní òun ò gba sàráà lọ́wọ́ obìnrin. Láti ọjọ́ náà, kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ìyá bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, yóò jẹ ẹ́, yóò sì ti àwo sẹ́yìn.

Nígbà tí ìrìn-àjò ku ọ̀sẹ̀ kan, Alfa Àbúbákr kó àwọn èrò Mẹ́kà jọ sí mọ́ṣáláṣí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ó ń ka òfin ọkọ̀ òfurufú fún wọn. Sàhéèdì jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú báàgì ọjà rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń polówó fún un.

"Ọmọ mi ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é o! Ẹ wo iye tó wà lára rẹ̀. Ẹ lè lò ó láti àgọ́ Múnà dé pápá Àráfà kí ẹ má wá iná kiri."

Mọ́kànlá nínú wọn ló rà á. Ìyá gan-an nílò tirẹ̀ ju gbogbo wọn lọ, nítorí fóònù rẹ̀ ti gbó. Bó bá kún láàárọ̀, kì í di ọ̀sán kó tó kú.

Alfa gbé ìwé sókè. "Ẹ fetí sílẹ̀ o. Páwà báǹkì ò gbọdọ̀ wọ inú báàgì ńlá tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín. Báàgì ọwọ́ ni kí ẹ fi í sí. Bó bá gbiná lábẹ́ ọkọ̀ níbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí, ta ló máa rí i? Bó bá wà lọ́dọ̀ yín lókè, wọ́n á tètè pa á."

Obìnrin kan béèrè pé, "Alfa, ṣé a lè fi ṣájì fóònù nínú ọkọ̀?"

"Ẹ má lò ó rárá títí ẹ máa fi sọ̀ kalẹ̀. Kí ẹ sì bo ẹnu rẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ tàbí irin kankan má lọ kàn án nínú báàgì." Alfa wá sún ìwé mọ́ ojú. "Èyí tó kù yìí ni ò yé mi tó. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ ju ọgọ́rùn-ún wáàtì-áwà lọ. Sàhéèdì, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. 60,000 tí o kọ síbí yìí, ṣé kò ju ohun tí wọ́n sọ lọ?"

Gbogbo orí yí sẹ́yìn, wọ́n ń wo Sàhéèdì.

Ó mọ ìdáhùn náà bí ẹni mọ owó. Èyí tó bá ti ju bíi 27,000 lọ, bí wọ́n bá sọ ọ́ di wáàtì-áwà, ti ju ọgọ́rùn-ún náà lọ. 60,000 tó ìlọ́po méjì rẹ̀, ó tún lé. Kódà èyí tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú lè fún ènìyàn láyè lé lórí, ó ti fò ó kọjá. Ṣùgbọ́n ó tún mọ ohun tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò mọ̀, pé kékeré ni ohun tó wà nínú ike yẹn ní tòótọ́, kò tó ìdajì ohun tí òfin gbà.

Bó bá ní 60,000 ju òfin lọ, wọ́n á dá gbogbo rẹ̀ padà fún un. Bó bá ní kì í ṣe 60,000, ìyá rẹ̀ tó ti ń pariwo ọjà láti àárọ̀ ńkọ́? Ojú wo ló máa fi wò ó?

Ó ní, "Ó wà nínú òfin, Alfa."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú. Kò tiẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún yẹn rárá."

Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò purọ́. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Irọ́ ńlá kan ló ń bò, ó wá fi òótọ́ kékeré kan dé e lórí.

Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ní ọ̀túnla, ó mú ojúlówó páwà báǹkì kan kúrò nínú àpótí onígíláàsì ìsọ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ 20,000 sí, tó sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó gbé e lọ fún ìyá rẹ̀ ní Àgbàdo.

Ìyá yí i síwá sẹ́yìn. "Kí ni ti èyí? Tìrẹ ńkọ́?"

"Màámi, ẹ kàn mú èyí lọ. Ó fúyẹ́."

"Ṣé tìrẹ ò dáa ni?"

"Ó dáa."

"Kí ló wá dé tí gbogbo àwọn tí à ń jọ lọ á máa lo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, tí èmi ìyá rẹ á máa lo ti ẹlòmíràn? Gba nǹkan rẹ, jàre. Ohun tí ọmọ mi ṣe ni mo máa gbé dé ilé Ọlọ́run."

Ìfẹ́ ni ìyá fi bá Sàhéèdì sọ̀rọ̀, ìfẹ́ náà ló sì dí i lọ́nà láti jẹ́wọ́. Ó gba páwà báǹkì 20,000 náà, ó dá a padà sínú àpótí onígíláàsì.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyá ń lọ, ó bẹ àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n foríjì òun, bí gbogbo èrò Mẹ́kà ṣe máa ń ṣe. Ó bẹ ará ilé iwájú, ó bẹ ará ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́yìn náà ló lọ kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Sàhéèdì, mo ń lọ o. Ohun tí mo bá ti ṣe tó dùn yín, ẹ foríjì mí. Mi ò mọ̀ bóyá màá padà."

Bàbá Màmúdù wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kọjú sí ògiri. Kò dáhùn. Ìyá tún un sọ, ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹta, orúnkún rẹ̀ sì wà lórí símẹ́ńtì títí Àjíbíkẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá, fi wá fà á dìde pé ọkọ̀ ń dúró. Ó sunkún dé inú mọ́tò.

Sàhéèdì sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú, àmọ́ ìta ni wọ́n dá òun dúró sí. Kò pẹ́ tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ìyá rẹ̀ ni.

"Sàhéèdì, wọ́n fẹ́ gba nǹkan tí o ṣe fún mi. Wọ́n ní iye ara rẹ̀ pọ̀ jù. Ti gbogbo wa ni wọ́n kó sílẹ̀ yìí. Jọ̀ọ́, ṣàlàyé fún ọ̀gá yìí. Ó ti wà lórí sípíkà."

Òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ẹrù wò fi pẹ̀lẹ́tù sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, ẹ káàsán. Ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe é?"

"Èmi ni, sà."

"60,000 lẹ kọ sára rẹ̀. Irú rẹ̀ ò lè wọ ọkọ̀. Mo tún wò ó pé ó fúyẹ́, ni mo ṣe ní kí n bi yín. Ṣé iye tó ń gbé nìyẹn ní tòótọ́, àbí ẹ ṣì í kọ ni?"

Sàhéèdì ń gbọ́ ìmí àwọn tó yí fóònù ká. Ó ń gbọ́ tí Alfa Àbúbákr ń ní, "Dá a lóhùn, ọmọ mi." Ó sọ fún mi pé títí di òní, ìmí yẹn kò tí ì kúrò létí òun.

Ó ní, "60,000 ni, sà."

"Ó dáa. A ò lè jẹ́ kó kọjá. Ẹ má bínú, màmá."

Kò dá mi lójú pé òṣìṣẹ́ náà ìbá jẹ́ kó wọlé ká ní Sàhéèdì sọ òótọ́. Ohun tí wọ́n kọ sára ẹrù ni wọ́n ń wò. Ọ̀kan nínú àwọn èrò náà tiẹ̀ fi èékánná họ ìwé ara tirẹ̀ kúrò, wọ́n ní èyí tí kò ní iye lára gan-an ni àwọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n ká ní ó sọ ọ́, ìyá rẹ̀ ìbá mọ irú ọmọ tí òun bí lọ́jọ́ yẹn, kí ọ̀rọ̀ tó dé ibi tó dé.

Wọ́n lọ láìsí páwà báǹkì kankan láàárín gbogbo wọn.

Ní Mẹ́kà, nǹkan kọ́kọ́ rọrùn, iná wà nínú yàrá. Ìyá ń pè lójoojúmọ́. Gbogbo ìgbà ló ń béèrè pé, "Bàbá yín ńkọ́?" Gbogbo ìgbà ni Sàhéèdì, tó ti kúrò ní Lotto wá bá bàbá gbé, máa ń na fóònù sí i. Bàbá yóò mi orí, yóò wo ibòmíràn.

Lọ́jọ́ tí àwọn èrò kó lọ sí àgọ́ Múnà, níbi tí ojú iná ti ṣọ̀wọ́n, ni àìsàn dé bá bàbá nílé. Bàbá Màmúdù jókòó sí gbàgede lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ó pe Sàhéèdì.

"Àyà ń fún mọ́ mi. Kò jẹ́ kí n mí."

Àjíbíkẹ́ sáré jáde lọ wá ọkọ̀. Ó ku bàbá àti ọmọ. Òógùn ń ṣàn lójú bàbá bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

"Pe ìyá rẹ fún mi."

Sàhéèdì pè. Wọ́n ní fóònù náà ti kú. Ó tún pè, ó tún pè. Ó pè é ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Ó pe Alfa Àbúbákr, tirẹ̀ dún títí, ẹnikẹ́ni kò gbé e.

"Ṣé kò wọlé ni?"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, Bàámi." Òun alára mọ̀ pé kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Nígbà tó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi, mo gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìgbéraga ni ò jẹ́ kí n dáhùn. Sọ fún un pé kò ṣẹ̀ mí rárá. Èmi ni kó foríjì. Sọ fún un pé kó bá mi dé Àráfà."

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ fún wọn, Bàámi."

"Sọ fún un."

Ọkọ̀ dé, wọ́n gbé e sínú rẹ̀. Wọn ò tí ì kọjá ojú irin rélùwéè tó fi dákẹ́.

Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Toyyibah, àbúrò Sàhéèdì, tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjinníà ní Ibogun, sáré títí, erùpẹ̀ ni wọ́n ń dà nígbà tó dé. Àwọn àgbà kó àwọn ọmọ jọ. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún Wòsílátù o, pé ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ Ọlọ́run, wọn kì í já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lù ú. Kó ṣe Háájì rẹ̀ tán, kó wá bá a nílé.

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ Àráfà tí àwọn èrò Mẹ́kà máa ń dúró tọrọ àdúrà, fóònù Alfa Àbúbákr wọlé. Sàhéèdì gbé e, ohùn ìyá rẹ̀ ló gbọ́.

"Sàhéèdì! Tèmi ti kú láti àná, fóònù Alfa ni mo fi ń pè. Mo wà ní Àráfà! Mo ti tọrọ ẹ̀mí gígùn fún bàbá rẹ títí omi ojú mi fi gbẹ. Gbé fóònù fún un. Tí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kó ṣáà gbọ́ ohùn mi."

Àga bàbá ṣófo níwájú rẹ̀, àwọn olùdárò jókòó yí gbàgede ká, wọ́n ń wò ó.

"Wọ́n ń sùn, Màámi."

"Ní irú àsìkò yìí? Ó dáa, má jí i. Sàhéèdì, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé inú ṣì ń bí i sí mi?"

Ọ̀rọ̀ tí bàbá rán an wà lẹ́nu rẹ̀. Kò gba kó dárúkọ ikú rárá kó tó sọ ọ́. Àmọ́ ó rò pé bí òun bá la ẹnu, ẹkún ni yóò jáde. Ó ń dá ara rẹ̀ dúró lọ́wọ́, Alfa ti gba fóònù, ó ní àwọn mìíràn ń dúró láti pe ilé. Ká ní ó sọ ọ́ níṣẹ́jú yẹn, ìyá rẹ̀ ìbá gbà á gbọ́. Èyí ló ń dùn ún jù nínú gbogbo rẹ̀, ó sì ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́ fún mi.

Nígbà tí ìyá dé, àwọn àgbà ló tú u fún un. Kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìrìn-àjò lọ́rùn.

"Ọjọ́ wo ni?"

"Ọjọ́ Múnà ni, Màámi."

Ó ka ọjọ́ náà lórí ìka. "A jẹ́ pé ní Àráfà, ẹni tó ti wà nínú ilẹ̀ ni mò ń tọrọ ẹ̀mí gígùn fún."

Lẹ́yìn náà ni Àjíbíkẹ́, tí ikú àbúrò rẹ̀ ti ta lára jù, bú sí ọ̀rọ̀.

"Ọkọ rẹ ń pè ọ́! Ọmọ rẹ pè ọ́ títí. O lọ sí Mẹ́kà, o pa fóònù, kí ọkọ má bàa dí ọ lọ́wọ́!"

"Mi ò pa á, ẹ̀gbọ́n. Ó kú ni. Wọ́n gba páwà báǹkì lọ́wọ́ mi."

"Páwà báǹkì kẹ̀! Àwọn mìíràn ò lọ sí Mẹ́kà rí ni?"

Sàhéèdì wà láàárín wọn. Ìyá rẹ̀ wò ó, ó ń retí kó gbèjà òun. Dípò bẹ́ẹ̀, Sàhéèdì dọ̀bálẹ̀, ó ní òun fẹ́ bá ìyá òun sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀.

Nínú yàrá, ó jẹ́ iṣẹ́ tí bàbá rán an, bó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́. Pé bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta. Pé ìgbéraga ni. Pé kò ṣẹ̀ ẹ́, òun ni kó foríjì. Ẹkún tí ìyá kò sun níta, inú yàrá yẹn ló ti sun ún. Ó di orí ọmọ rẹ̀ mú, ó ní, "Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ tọ́jú rẹ. O ò mọ ohun tí o gbé fún mi yìí."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Wòsílátù fi ṣe opó rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wá kí i ló ń sọ ọ́ fún. Àjíbíkẹ́ ń bú u lọ́tùn-ún lósì, ìyá á ní, "Kò burú. Ọkọ mi foríjì mí kó tó lọ." Sàhéèdì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bú u. Ó ń jẹ́ kí ìyá rẹ̀ máa gba èébú tó tọ́ sí òun fúnra rẹ̀, ó sì ń lọ sí Lotto, ó ń lẹ ìwé aláwọ̀ wúrà mọ́ ike.

Ní ogójì ọjọ́, wọ́n pé jọ fún àdúrà ní Àgbàdo. Alfa Àbúbákr wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn díẹ̀ nínú èrò Mẹ́kà. Nígbà tí àdúrà parí, Àjíbíkẹ́ tún bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin tí ẹ jọ lọ, ẹ wá sọ ọ́ níwájú mi. Ẹ̀yin ò ní fóònù tí ẹ lè fún un lò ni?"

Alfa ní, "Ìyá wa, ẹ má dá a lẹ́bi. Páwà báǹkì gbogbo wa ni wọ́n gbà. Wọ́n ní 60,000 ju òfin lọ."

Toyyibah gbé orí sókè. Ìyá rẹ̀ ló fẹ́ gbè, kò ní nǹkan mìíràn lọ́kàn.

"60,000 wo? Èyí tí Bọ̀dá mi ń ṣe? Alfa, kì í ṣe 60,000 o. Mo mú ọ̀kan lọ síléèwé ní Ibogun, a fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n. Kò tó 8,000. Irú rẹ̀ ò lòdì sí òfin kankan, ṣe ni wọ́n rẹ́ yín jẹ!"

Toyyibah wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì rí i pé ohun tí òun sọ kì í ṣe ohun tí òun rò pé òun ń sọ. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Alfa Àbúbákr rọra pè é. "Sàhéèdì. Mo bi ọ́ nínú mọ́ṣáláṣí."

Sàhéèdì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó jẹ́wọ́ ohun gbogbo, bátìrì àlòkù, ìwé Ibafo, ìdáhùn mọ́ṣáláṣí. Àjíbíkẹ́ ká ọwọ́ lérí, ó ń wo ìyàwó àbúrò rẹ̀ tó ti ń bú láti ọjọ́ tó ti dé.

Ìyá rẹ̀ kò gbé ohùn sókè. "Ọ̀gá yẹn bi ọ́ lórí fóònù. Èmi ni mo di fóònù mú. O ní 60,000 ni."

"Ẹ foríjì mí, Màámi."

"Lọ́jọ́ Àráfà, mo bi ọ́ léèrè bàbá rẹ. O ní ó ń sùn."

"Àwọn àgbà ló ní..."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ ò yí padà. Bí o ṣe sọ ọ́ fún ọ̀gá yẹn náà lo ṣe sọ ọ́ fún mi." Ó wò ó lójú. "Ọ̀rọ̀ tí o ní bàbá rẹ rán ọ sí mi, ta ló wà níbẹ̀?"

Sàhéèdì gbé orí sókè nílẹ̀. Ó ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. "Èmi nìkan, Màámi. Òótọ́ ni! Mo fi Ọlọ́run búra, bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn!"

"O fẹ́ràn mi. O rí i pé mò ń jìyà. Ṣé o ò kàn wá nǹkan dáadáa kọ fún mi ni?"

Ó búra, ó fi orí gbá ilẹ̀, ó dárúkọ ẹ̀ẹ̀mẹta tí ìyá fi bẹ̀bẹ̀. Ìyá ní, "O wà nílé lọ́jọ́ náà. Ìwọ náà gbọ́ mi."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ó ti lọ bá gbogbo àwọn mọ́kànlá náà, ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n foríjì í. 8,000 ló ń kọ báyìí. Àwọn tó ń kọjá a máa rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n á lọ ra èyí tí wọ́n kọ 60,000 sí níwájú. Ìyá rẹ̀ náà foríjì í, ó ń se oúnjẹ dè é ní gbogbo Jímọ̀ tó bá wálé. Ẹni tó bá ń purọ́ kékeré lórí ọjà, kó rántí pé ẹnu kan náà ló máa fi sọ òótọ́ lọ́jọ́ tí òótọ́ bá di ọ̀ràn. Èmi ò ní ìmọ̀ràn mìíràn.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tó bá fẹ́ máa padà sí Lotto, ìyá rẹ̀ a pè é jókòó.

"Sàhéèdì, kí ni bàbá rẹ sọ?"

Yóò tún un sọ, bó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́, kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀. Ìyá á máa wo ojú rẹ̀ títí yóò fi sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà á ní, "Mo gbọ́," á kó àwo, á sì wọlé lọ.